Bakitéríà Inú Ilẹ̀ àti Àìsàn Ohun Ọ̀gbìn: Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí bakitéríà, ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, ṣe lè gba ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ lọ́wọ́ àìsàn. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ata àti tòmáàtì tó ń wọ ọjà Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti Sùúrùlérè, Ògo-Olúwa àti Oríire, títí dórí iṣu àti ẹ̀gẹ́ agbègbè Ọ̀yọ́, inú ilẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jẹun, inú ilẹ̀ kan náà sì ni ọ̀pọ̀ àìsàn tó ń pa wọ́n ti ń jáde wá. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ohun tó lè kápá kòkòrò náà, ìdí ẹ̀fọ́ yìí kan náà ló wà. Àbá mi kò ju ẹyọ kan lọ: bakitéríà inú ilẹ̀ lè dín àìsàn ọ̀gbìn kù ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n kò ní ṣe é bó bá jẹ́ pé inú ìgò tó ti òkè òkun dé la ti ń rà á. Ilẹ̀ tiwa la ti gbọ́dọ̀ ṣà á, ìtòsí wa la ti gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ilẹ̀ tí a óò sì dá a padà sí gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi àìsàn kan ṣe àpẹẹrẹ. Tòmáàtì á wà ní tútù yọ̀yọ̀, á ti fẹ́ máa so. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ewé rẹ̀ á rọ. Bó bá di alẹ́, á tún nà díẹ̀. Kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí gbogbo rẹ̀ á fi kú lóòró láìtíì pọ́n. Bakitéríà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ralstonia solanacearum ló máa ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ọgbẹ́ ara gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, pàápàá níbi tí aràn inú ilẹ̀ bá ti lu gbòǹgbò náà. Á wọ inú òpó tí omi ń gbà gòkè, á máa bí sí i níbẹ̀ títí omi kò fi ní rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun gan-an ni, kí ó gé igi náà nítòsí ilẹ̀, kí ó ki ojú ibi tó gé bọ inú ife omi tó mọ́, kí ó má sì mì ín. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nǹkan funfun tó rí bíi wàrà á máa ṣàn wá sínú omi. Àìsàn yìí ń mú ata, ìgbá, pọ̀tétò, ẹ̀pà àti atalẹ̀. Irú ohun ọ̀gbìn tó lè kó o lé ní 200. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí oògùn kankan tí a lè fín sí ewé tí yóò wo igi tó ti kó o.

Ohun tó yẹ ká dì mú nínú àpẹẹrẹ yìí ni pé ìdí gbòǹgbò ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ojú àgbẹ̀ kò tíì tó o. Oògùn orí ewé kì í dé ibẹ̀. Èyí tí a bá sì dà sílẹ̀, nínú kó pa rere pọ̀ mọ́ búburú tàbí kí òjò gbé e lọ, ọ̀kan ni yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tó lè dúró ti gbòǹgbò lójoojúmọ́ ni ohun tó ń gbé lọ́dọ̀ gbòǹgbò, àwọn yẹn kò sì wọ́n. Gíráàmù kan ilẹ̀ rere, tí a lè fi ìka méjì bù, lè ní bakitéríà tó tó bílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Gbòǹgbò ń tú ṣúgà àti oúnjẹ mìíràn sínú ilẹ̀ tó yí i ká, nítorí náà ibẹ̀ ni wọ́n máa ń pọ̀ sí jù.

Bí àwọn tó ń dáàbò bo igi ṣe ń ṣe é pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ń gba ààyè àti oúnjẹ, bí ẹni tó tètè dé ọjà ṣe ń gba ìsọ̀ tó dára. Àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ ń tu ohun kan jáde tó ń kó ìwọ̀nba irin tó wà nínú ilẹ̀ mọ́ra, tí ọ̀tá kò fi ní rí èyí tí yóò lò. Ìkejì, wọ́n ń tu oró: Bacillus subtilis, bí àpẹẹrẹ, máa ń ṣe iturin àti fengycin, tó ń ya awọ ara fọ́ńgọ́ọ̀sì, ẹ̀yà olú tó ń mú kí àgbàdo bu, kí iṣu sì jẹrà. Ìkẹta, àwọn kan ń tu ohun tó ń yọ́ èèpo ara fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ìkẹrin, wọ́n ń ta igi fúnra rẹ̀ lólobó, tí yóò fi ti múra sílẹ̀ kí àìsàn tó dé, kódà lára ewé tí bakitéríà náà kò dé rárá. Kò yẹ kí oró inú ilẹ̀ yìí yà wá lẹ́nu. Bakitéríà inú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí streptomycin ní Amẹ́ríkà ní 1943, oògùn àkọ́kọ́ tó kápá ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bacillus subtilis pàápàá kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá: òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń sọ igbá tí a sè di irú. Ilé tó bá ń fi irú sebẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ láti ayé baba ńlá wá.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mo mú wá jẹ́ ti oko àlìkámà ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà. Àìsàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní take-all, tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fà, tó máa ń sọ gbòǹgbò àlìkámà di dúdú. Bí àgbẹ̀ bá ń gbin àlìkámà sójú kan náà léraléra, àìsàn náà á máa le sí i, bí ẹnikẹ́ni ṣe lè retí. Ṣùgbọ́n bó bá ti le dé góńgó fún ọdún mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da oògùn sí i. Àwọn onímọ̀ méjì, R. James Cook àti David Weller, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí i pé bí a bá fi ooru tó tó ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius mú ilẹ̀ oko bẹ́ẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú, agbára tó ní lórí àìsàn á pòórá. Bí a bá sì bu díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà sínú ilẹ̀ mìíràn, agbára náà á bá a dé ibẹ̀. Ohun abẹ̀mí ló wà nídìí rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe yẹ̀pẹ̀. Pseudomonas kan tó ń tu oró tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ni wọ́n bá níbẹ̀, tí gbòǹgbò àlìkámà ti bọ́ títí tó fi di ọ̀pọ̀. Kì í ṣe pé mò ń sọ fún àgbẹ̀ Sùúrùlérè pé kí ó máa gbin tòmáàtì sójú kan náà títí àìsàn rẹ̀ á fi sú. Àlìkámà ni ti Washington, gbèsè á sì ti pa àgbẹ̀ tòmáàtì kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè tọ́ agbèjà tirẹ̀ dàgbà, bí a bá fún irú èyí tó yẹ ní oúnjẹ.

Australia ni ẹ̀rí kejì ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Allen Kerr ní Yunifásítì Adelaide rí bakitéríà inú ilẹ̀ kan tí wọ́n sọ ní K84. Ìbátan tímọ́tímọ́ ló jẹ́ sí bakitéríà tó ń mú kí ìdí àwọn igi eléso yọ kókó ńlá. Kí àgbẹ̀ tó gbin ọ̀dọ́ igi, á ri gbòǹgbò rẹ̀ bọ inú omi tí K84 wà; oró tí K84 ń tu á sì dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá. Ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ dáadáa, ó tàn dé ilẹ̀ púpọ̀, kò sì ná àgbẹ̀ ní ohun púpọ̀. Síbẹ̀, ó ní ààlà méjì. Kò kápá ìran ọ̀tá tó ń bá igi àjàrà jà. Ẹ̀wẹ̀, wọ́n rí i pé ohun àbùdá tí K84 fi ń bọ́ lọ́wọ́ oró ara rẹ̀ lè ràn mọ́ ọ̀tá, tí ọ̀tá náà á fi di aláìgbọ́-oògùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe irú kan tí wọ́n pè ní K1026, tí wọ́n ti gé ọ̀nà ìràn yẹn kúrò nínú rẹ̀, tí àgbẹ̀ Australia sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí dáadáa á mọ̀ pé kò sí bakitéríà tó ń wo gbogbo àìsàn. Ọ̀tá tó wà lóko la fi ń yan agbèjà.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní 2005, onímọ̀ kan, R. N. Okigbo, tẹ ìwádìí kan jáde lórí iṣu. Bacillus subtilis ló pò mọ́ omi, tó fi ẹ̀rọ ìfínkòkòrò tí àgbẹ̀ máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fín sára iṣu nínú àká ìbílẹ̀. Fún oṣù 5 tí iṣu náà fi wà ní àká, àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì ara rẹ̀, títí kan àwọn tó ń mú un jẹrà, dín kù gidigidi. Ẹ kíyè sí i pé àká ìbílẹ̀ ni, kì í ṣe yàrá olóòtútù, ẹ̀rọ tí wọ́n sì lò ti wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún tó ti kọjá lórí ìwádìí yẹn ti lé ní 20 báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ sí ọjà wa kò ní rí ohun tí àgbẹ̀ lè rà tìtorí rẹ̀. Ìbéèrè tó kàn wá jù nìyí. Ìmọ̀ wà nílẹ̀, èrè rẹ̀ kò dé oko. Kí ló fà á?

Ìdáhùn wà ní Ìbàdàn, níbi tí nǹkan kan tó jọ ọ́ ti kẹ́sẹ járí. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1967, bá àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí oró aflatoxin, tí fọ́ńgọ́ọ̀sì kan máa ń tu sínú àgbàdo àti ẹ̀pà, tó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Wọ́n ṣàwárí pé nínú ìran fọ́ńgọ́ọ̀sì kan náà, àwọn kan wà tí kò lè tu oró náà. Wọ́n ṣa irú 4 tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n pò wọ́n mọ́ ọkà bàbà tí wọ́n ti yan kí ó má lè hù mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Aflasafe. Àgbẹ̀ á fọ́n kílò 10 sí hẹ́kítà kan ní ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 ṣáájú kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Àwọn tí kò lóró á jẹ ọkà bàbà náà, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á sì gba ààyè mọ́ àwọn olóró lọ́wọ́. Oró inú ìkórè máa ń fi 80 nínú 100 dín kù, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún ní 2014. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe bakitéríà, ṣùgbọ́n ohun tó mú un yege ni mo fẹ́ kí á wò. Ọmọ onílẹ̀ ni, nítorí náà ó mọ ooru àti òjò wa. Ó gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání wọ oko. Ìbàdàn ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sí. Aláṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Oníṣòwò sì wà tó ṣe tán láti san owó tó lé díẹ̀ lórí àgbàdo tí kò lóró. Kí ẹ fi ohun 5 yìí wo bakitéríà wa. Ẹ óò rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì pé.

Bí a bá wá fi wọ́n wo ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ohun tó yẹ ní ṣíṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ilẹ̀ ọ̀dàn nilẹ̀ wa. Ibi púpọ̀ jẹ́ iyanrìn lójú, ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀; ẹ̀ẹ̀rùn ń gbẹ ẹ́ fún oṣù 4 tàbí 5 lọ́dún, a sì tún ń sun oko lé e lórí. Pseudomonas tó gbayì ní Washington kì í lè fara da gbígbẹ pẹ́. Bacillus ní tirẹ̀ máa ń sọ ara rẹ̀ di kóró líle nígbà ìṣòro, gẹ́gẹ́ bí Ferdinand Cohn, ará Jámánì, ti ṣàlàyé láti 1876. Ó lè wà nínú páálí fún oṣù púpọ̀ láìsí fíríìjì, kí ó sì jí nígbà tí omi bá kàn án. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ Bacillus ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Ibi tí a óò ti wá a kò sì ṣòro: nínú oko tí àìsàn ti pa ọ̀pọ̀ tòmáàtì, kí a wú àwọn tó ṣì dúró ṣinṣin, kí á wo ohun tó ń gbé ìdí gbòǹgbò wọn. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń kóra jọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gaàrí àti láfún, àti ìgbẹ́ adìẹ tí a ti jẹ́ kí ó jẹrà dáadáa, ìwọ̀nyí ni yóò jẹ́ kí bakitéríà rí ohun jẹ nínú ilẹ̀ iyanrìn. Bí a bá ń sun pàǹtí oko tán ká tó da bakitéríà sí i, ìyàn la gbé e sọ sí.

Mo mọ̀ pé àtakò wà. Àkọ́kọ́ ni pé kẹ́míkà ń ṣiṣẹ́ kíákíá, àgbẹ̀ kò sì ní sùúrù. Òótọ́ ni pé ó yá, níbi tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ pé kò sí èyí tó ń wo tòmáàtì tí Ralstonia ti wọ inú rẹ̀, nítorí náà kò sí ìyára kankan tí a óò pàdánù níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ojú ọ̀nà kẹ́míkà ń fún pọ̀. Láti 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí oògùn tó ṣẹ́kù sára rẹ̀, NAFDAC sì ti fòfin de paraquat, oògùn tó ń pa koríko, láti oṣù Kìíní 2024. Èmi kò ní kí á da gbogbo kẹ́míkà nù lọ́jọ́ kan. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí kò bá ní ohun mìíràn lọ́wọ́ ni òfin tuntun máa ń ká mọ́ lójijì.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́: ohun tó bá ṣiṣẹ́ nínú àwo yàrá ìwádìí kì í sábà ṣiṣẹ́ lóko, jìbìtì sì kún inú ìgò. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣètò iṣẹ́ COMPRO láti 2009, tí wọ́n yẹ ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ oníbakitéríà àti irú wọn wò ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Etiópíà, díẹ̀ ni wọ́n rí tó ṣe ohun tí ara páálí rẹ̀ ń pariwo. Àmọ́ ẹ̀rí yìí kò tako àbá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń já wa kulẹ̀ ni wọ́n gbé wá láìwo ilẹ̀ tó ń bọ̀ wá bá, oòrùn sì lè ti pa wọ́n kí wọ́n tó dé ọwọ́ àgbẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bakitéríà tó kojú òṣùwọ̀n nínú ilẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n ṣe nítòsí, tí ẹni tó rà á sì mọ ilé ẹni tó ṣe é, kì í rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti fi ṣe jìbìtì.

Àtakò kẹta ni ti ìlera: ṣé kì í ṣe pé a ń fọ́n kòkòrò àìsàn sílẹ̀? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, nítorí inú ilẹ̀ náà ni Pseudomonas aeruginosa àti Burkholderia cepacia ń gbé, tí wọ́n lè ṣe ẹni tí ara rẹ̀ kò le ní jàǹbá. Bacillus cereus, ìbátan Bacillus subtilis, sì máa ń ba oúnjẹ jẹ́ tí yóò fi run ẹni nínú. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni bu ilẹ̀ sínú garawa, kí ó po ṣúgà mọ́ ọn, kí ó máa fín in kiri. Onímọ̀ gbọ́dọ̀ dá a mọ̀ nílé ìwádìí, NAFDAC sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan sì ń rò pé èyí kò yàtọ̀ sí irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, bíi ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019, tó ní àbùdá Bacillus thuringiensis nínú. Ọ̀rọ̀ méjì ni. Ohun tí à ń sọ níhìn-ín kò fọwọ́ kan àbùdá ata tàbí ti tòmáàtì. Bakitéríà tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a ń ṣà, tí a sọ di púpọ̀, tí a dá padà.

Àtakò tó kù ni ti owó. Bí a bá ní kí àgbẹ̀ fi bakitéríà bo gbogbo oko rẹ̀, yóò wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a kì í gbin tòmáàtì tààrà sí oko. Ibùsùn kékeré kan ló ń ti jáde. Bí a bá rẹ irúgbìn tàbí tí a ri gbòǹgbò ọ̀dọ́ tòmáàtì bọ inú omi oníbakitéríà kí á tó lọ́ ọ, bí ti Kerr, ìwọ̀nba díẹ̀ á tó hẹ́kítà kan, agbèjà á sì ti wà nídìí gbòǹgbò kí ọ̀tá tó dé.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju agbára wa lọ. LAUTECH, Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, ó sì ní àwọn onímọ̀ ààbò ohun ọ̀gbìn. Kí wọ́n ṣa Bacillus láti Sùúrùlérè, Oríire àti agbègbè Ọ̀yọ́. Kí OYSADEP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó ní òṣìṣẹ́ ní ẹkùn Ògbómọ̀ṣọ́ àti ẹkùn Ọ̀yọ́, bá wọn wá àgbẹ̀ tó gbà kí wọ́n dán an wò lóko òun. Kí IITA kọ́ wọn bí wọ́n ṣe gbé Aflasafe láti yàrá ìwádìí dé ilé iṣẹ́. Lóko kọ̀ọ̀kan, kí ebè pín sí ọ̀nà 3 fún ọdún méjì ó kéré tán: èyí tí a fi ajílẹ̀ àti bakitéríà sí, èyí tí a fi ajílẹ̀ nìkan sí, àti èyí tí a kò fi nǹkan kan sí. Láìsí ìpín kejì yẹn, ẹnikẹ́ni lè fi iṣẹ́ ajílẹ̀ gbé bakitéríà ga, kí ó sì gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ lórí irọ́. Kí wọ́n ka èsì sí etígbọ̀ọ́ àgbẹ̀ àti ọlọ́jà, yálà ó dára tàbí kò dára. Bí ebè àkọ́kọ́ kò bá sàn ju èkejì lọ, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kí àgbẹ̀ ra ajílẹ̀, kí ó sì fi owó yòókù pa mọ́. Bó bá sàn jù, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi owó ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní agbègbè yìí, kí á má baà tún dúró fún ogún ọdún mìíràn.